Òkú Òdìkejì Odò

Bí ìwọ bá ń wá ẹni tó mọ ìyà sọ ní gbogbo agbègbè yẹn, ilé Màmá Suyun ní abúlé Duanzhuang ni wọ́n máa júwe fún ọ. Ìyà jẹ àwọn mìíràn jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ ọ́n sọ. Láti ọdún 1951 tí ìjọba tuntun ti ní kí àwọn obìnrin jáde wá sọ ohun tí ojú wọn rí láyé àtijọ́, òun ni abúlé ń tì síwájú. Ọdún márùndínlógójì gbáko ló fi sọ ìtàn kan ṣoṣo, bí ẹni ń kiri ọjà tí kì í tán lórí igbá.

Ìtàn náà rèé. Ní ọdún ìyàn, onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pang fi tipátipá mú Yinfeng, ọmọ Suyun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó sọ ọ́ di ẹrú nínú ilé rẹ̀, ó sì nà án títí ó fi kú. Nígbà kan Suyun fi òjò yìnyín sí i pé ó ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú. Olùkọ́ kan rán an létí pé oṣù kẹfà, ìgbà ooru, ni wọ́n ní ó kú, ló bá yọ yìnyín kúrò, ó fi àrá sí i. Àrá náà bá àwọn èèyàn lára mu gan-an. Àwọn ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí ìyá wọn kú a máa fi apá aṣọ nu ojú.

Èrè ìtàn náà kò kéré. Bí Suyun bá ti sọ ọ́, wọ́n á fún un ní ẹyin mẹ́wàá. Ní ti abúlé, wọ́n là á lọ́nà, wọ́n fa iná wọ̀ ọ́, wọ́n sì fún un ní katakata pupa kan tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ lójú. Orúkọ Yinfeng ni wọ́n fi pe ilé ìwé. Wọ́n kọ́ ibojì olókùúta fún un lábẹ́ àwọn igi tó wà lẹ́yìn abúlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbá a ní ìgbà ìrúwé, wọ́n ń fi òdòdó bébà funfun sí i. Lára òkúta ibojì náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí pé Duan Laokui, olórí abúlé nígbà náà, ló gbẹ̀san ọmọ náà lára Pang.

Gbogbo rẹ̀ dára. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: Yinfeng kò kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà ìyàn, tí ebi ti dá ọkọ Suyun dùbúlẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, Laokui tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fa ọmọ náà lọ́wọ́, ó mú un kọjá odò ńlá, ó fi í fún ìdílé kan kí ó máa dàgbà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọmọ wọn. Àpò jéró mẹ́ta ni wọ́n fún un. Ó fún Suyun ní ìlàjì àpò kan, ó ní ìrìn náà jìnnà. Onílẹ̀ Pang kò mọwọ́ kò mọsẹ̀. Kì í ṣe pé Pang jẹ́ èèyàn rere o. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kún agbọ̀n. Laokui kàn rí i pé ààyè ṣì wà fún ọ̀kan sí i ni.

Nígbà tí ìpàdé ìsọ̀yà ti ọdún 1951 sì kù ọ̀la, Suyun ní òun á sọ pé wọ́n gbé ọmọ òun lọ sódìkejì odò. Laokui mi orí.

"Ìyàwó, ọmọ tó wà láàyè kì í pa èèyàn lẹ́kún," ni ó wí. "Ta ni ó fẹ́ sunkún nítorí ọmọ tó ń jẹun nílé ọkọ? Jẹ́ kí ó kú díẹ̀. Bí ìpàdé bá ti parí, a ó jí i."

Ìpàdé náà kò parí títí di òní. Àwọn àgbà máa ń wí pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ọmọ ti Suyun kò kú, kò sì nù. Àwọn ará abúlé ló fi í pamọ́ sínú sàréè, wọ́n sì ń jẹ lórí rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń kiri abẹ́rẹ́ àti òwú ló mú ìròyìn rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Yinfeng wà ní abúlé kan tó wà létí odò lódìkejì, ó bí ọkùnrin méjì, ó sì ń hun ẹní. Ibẹ̀ kò tó ìrìn ọjọ́ méjì fún ẹni tó ní ẹsẹ̀. Suyun kò ní. Wọ́n ti fi aṣọ di tirẹ̀, bí àṣà àtijọ́ fún ọmọbìnrin, láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí eegun rẹ̀ fi ká, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà yẹn, èèyàn kò lè kọjá odò láìgba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ olórí abúlé. Lẹ́ẹ̀mẹta ni Suyun tọrọ ìwé yẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, Laokui ti kú, ọmọ rẹ̀ Baoshan ló ti di akọ̀wé Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso abúlé, tó jogún òǹtẹ̀ bàbá rẹ̀ àti ohùn bàbá rẹ̀.

"Níbi tí wọ́n kọ ìdí ìrìnnà sí, kí ni kí n kọ, Màmá?"

"Kọ ọ́ pé mo fẹ́ lọ wo ọmọ mi."

Baoshan ṣí ìwé ńlá, ó fi ìka tọ́ ọ. "Ọmọ yín ti kú. Ó wà nínú ìwé. Ìjọba kì í fún èèyàn níwèé láti lọ kí òkú lódìkejì odò, nígbà tí òkú náà wà nílé." Ó wá fún un ní bébà tí wọ́n máa ń sun fún òkú, kí ó lọ sun ún fún ọmọ rẹ̀ níbi ibojì.

Suyun gba bébà náà. Ó sì ń gba ẹyin náà. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì, òun náà mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì bú ara rẹ̀ nígbà tó bá ku òun nìkan nílé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé Yinfeng fúnra rẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ méjèèjì, kò wá rí. Ó gbà pé nítorí jéró yẹn ni. Ó gbà pé ọmọ òun rò pé òun ló tà á.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà títí di ọdún 1986, tí Suyun ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí ọmọbìnrin kan ti ilé iṣẹ́ rédíò dé sí Duanzhuang. Ruan ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó ní ìtàn ìgbésí ayé àwọn ìyá àgbà ni òun ń kó jọ, bí wọ́n ṣe gbé e gan-an, láti ẹnu wọn gan-an. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sórí ibùsùn alámọ̀ tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, ó jókòó lápá kan, Suyun jókòó lápá kejì. Baoshan jókòó sáàárín.

"Màmá, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà tí wọ́n di ẹsẹ̀ yín?"

"Mẹ́fà," ni Baoshan dáhùn.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dun àwọn obìnrin wa gan-an ni," ni Baoshan wí, ó ń mi orí tàánútàánú. "Ìwà òkùnkùn ayé àtijọ́ ni."

Ruan wo bàtà rọ́bà gbàgìdì tó wà lẹ́sẹ̀ Baoshan. "Akọ̀wé, ṣé wọ́n di tiyín náà ni?"

Ìyàwó Baoshan tó ń gbé omi gbígbóná wọlé yára yíjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n Baoshan kì í ṣe ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ lára. Ó sọ bí wọ́n ṣe gbé Suyun níyàwó. Ó sọ bí ìyá ọkọ ṣe ń ṣe é. Ó sọ bí ìrọbí ọjọ́ tí wọ́n bí Yinfeng ṣe le tó, ó ti sọ ọ́ dé ìdajì kí ó tó rántí pé wọn kò tíì bí òun nígbà náà.

Suyun kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ẹ̀rọ náà ló ń wò.

"Ọmọ mi," ó bi Ruan, "ohùn tó bá wọ inú nǹkan yìí, títí ibo ló ń lọ?"

"Gbogbo agbègbè wa, Màmá, ó sì kọjá odò. Àwọn ará òdìkejì ń gbọ́ wa ju ẹ̀yin ará ibí lọ. Àwọn ló máa ń kọ lẹ́tà sí wa jù."

Suyun ṣírò ó. Ohun tí ẹsẹ̀ òun kò lè ṣe ní ogójì ọdún ó lé, ohùn òun máa ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. Ohùn yìí máa wọ ilé Yinfeng. Ṣùgbọ́n bí òun bá sọ ìtàn náà bí òun ṣe ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí, àwọn ọmọ Yinfeng á gbọ́ ọ lẹ́nu òun pé ìyá wọn ti kú. Òun á lọ bá ọmọ òun nílé rẹ̀, òun á sì pa á níbẹ̀. Ó di orí mú, ó ní orí ń fọ́ òun, kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la.

Bí àlejò ti jáde, ó fa Baoshan lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń sá àgbàdo sí.

"Baoshan, mo fẹ́ jí ọmọ mi."

"Kí ẹ jí i báwo?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ nínú rédíò pé ó wà láàyè. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó wá."

Baoshan wo ọ̀tún wo òsì. "Màmá, ẹ mọ ohun tí jíjí òkú lè dá sílẹ̀? Wọ́n á gba katakata! Ilé ìwé ńkọ́, orúkọ ta ni wọn ó máa jẹ́? Àwọn ọmọ yẹn ti há a sórí láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà bí ó ṣe kú. Kí ni ẹ fẹ́ kí olùkọ́ sọ fún wọn? Bàbá mi ńkọ́, tí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta?"

"Bàbá rẹ ló kó jéró."

"Bàbá mi ti kú, Màmá."

"Ikú tirẹ̀ dá mi lójú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín."

Baoshan sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́. Bí ẹ bá yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà, màá sọ fún ọmọ rédíò yẹn pé ọpọlọ yín ti yí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Ta ni kò ní gbà mí gbọ́? Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Ẹyin ogún ni tọ̀tẹ̀ yìí."

Ó lọ. Inú bí Suyun sí i, ó sì bí i sí ara rẹ̀ náà, torí ó mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni, ẹyin mẹ́wàá ti tó láti pa òun lẹ́nu mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi òróró ra irun, ó wọ aṣọ dúdú, ó ní òun á sọ ìtàn náà níbi ibojì. Inú Baoshan dùn débi pé ó lọ mú gbogbo ilé ìwé jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò ní ìlà mẹ́rin pẹ̀lú òdòdó bébà lọ́wọ́. Gbogbo abúlé sì tú jáde, Baoshan fúnra rẹ̀ wọ kóòtù tuntun, ó bi Ruan bóyá ẹ̀rọ náà máa ń ya àwòrán.

Àṣà kan wà ní Duanzhuang tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti òǹtẹ̀ lọ. Bí obìnrin bá kúnlẹ̀ níbi sàréè, tó sì bẹ̀rẹ̀ arò, kò sí ọkùnrin tó gbọdọ̀ dá a dúró, ìbáà ṣe ọba. Nínú arò ni ó ti lè bú ọkọ, kó bú ìyá ọkọ, kó ka ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ilé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a lóhùn, wọn kò sì gbọdọ̀ bá a bínú lẹ́yìn tó bá dìde. Obìnrin bíi tirẹ̀ nìkan ló lè fà á dìde, ìgbà tí obìnrin náà bá sì fẹ́ ni. Àwọn baba ńlá wọn tó gba ilẹ̀, tó gba orúkọ, tó gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin, èyí nìkan ni wọ́n gbàgbé gbà.

Suyun kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀, ó figbe ta.

"Yinfeng ọmọ mi o! Òkúta ni mo ń kí, kì í ṣe ìwọ! Ilé tí wọ́n kọ́ fún ọ rèé, o kò sùn ún rí. Wọ́n gbá a, wọ́n fi òdòdó sí i, ìwọ ń hun ẹní lódìkejì odò, Yinfeng ọmọ mi o!"

Olùkọ́ gbójú sókè. Baoshan ṣì ń mi orí, ó rò pé apá tuntun ni.

"Pang kọ́ ló mú ọ! Pang fìyà jẹ ẹlòmíràn, kò fọwọ́ kàn ọ́! Laokui ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló fà ọ́ lọ́wọ́! Àpò jéró mẹ́ta ni, Laokui o, ìwọ tí o jẹ méjì àti ààbọ̀! Èmi jẹ ìlàjì, mo jẹ ẹ́, mi ò purọ́, ebi ń pa mí, mo jẹ ọmọ mi!"

Baoshan di funfun bí bébà tó wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó rántí, ó dá a padà. Àwọn àgbà ọkùnrin ń wò ó. Ó yí sí ìyàwó rẹ̀.

"Fà á dìde!"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yín."

Ó sáré bá ìyá kan tó wà níwájú. Ìyá náà ní, "Ẹ ní sùúrù, Akọ̀wé. Mo ti gbọ́ èyí àtijọ́ lọ́gbọ̀n ìgbà. Èyí ni mi ò tíì gbọ́." Obìnrin tó kàn ń so okùn bàtà tí kò tú. Èyí tó tẹ̀lé e ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tirẹ̀, torí òun náà ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n mú lọ síbì kan lọ́dún yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ibojì fún. Baoshan wá yíjú sí Ruan, ó ń làágùn.

"Kọ́múréèdì, ẹ̀yin náà kúkú jẹ́ obìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á dìde."

"Àlejò ni mí," ni Ruan wí, ó ń yí kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì. "Mi ò fẹ́ ṣe ohun tó lòdì sí àṣà yín."

Suyun ké e títí ó fi kan gbogbo rẹ̀: ẹyin, òjò yìnyín tó fi sí i tó tún yọ, ìwé ìrìnnà, ìwé ńlá. Ó dárúkọ abúlé tí Yinfeng wà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀rọ lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Bí o bá ń bínú, wá bínú níwájú mi! Wá kí n rí ọ!" Nígbà tó tán, kò sí ẹni tó fà á. Òun fúnra rẹ̀ ló di òkúta mú, tó dìde.

Baoshan gbé ọtí àti ẹ̀pà wá fún Ruan kó lè gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ruan kó ẹ̀pà, kò sì gé ohunkóhun. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n gbé e sí afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ náà, wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí abúlé fi ń gbọ́ rédíò já fúnra rẹ̀, ó sì já síbi mẹ́ta. Baoshan kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti bi wọ́n léèrè ohun tí òun máa ṣe. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ṣùgbọ́n títí ìgbà tí àwọn bá parí rẹ̀, kí ó máa ka ọmọ náà sí òkú, kí wọ́n má sì dá gbígbá ibojì dúró.

Suyun kò bìkítà fún ìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń jókòó sí láti òwúrọ̀, ó ń yin àgbàdo, ó ń wo ọ̀nà tó wá láti odò. Ọjọ́ kẹwàá kọjá. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá wọn kò ní rédíò, bóyá wọ́n ní, tí ọmọ náà gbọ́ tó sì pa rédíò.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún dúró níwájú rẹ̀, ó we gèlè aláwọ̀ búlúù, eruku kún bàtà rẹ̀ dé kókósẹ̀. Ó gbé ẹní kan sí èjìká.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá."

Suyun kò béèrè ẹni tí í ṣe. "Yinfeng," ni ó wí. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbà. Yinfeng kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ẹní sílẹ̀.

"Mo rò pé jéró yẹn ló ń bí ọ nínú," ni Suyun wí. "Láti gbogbo ọjọ́ yìí wá, mo ní jéró ni."

"Jéró kẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ ebi, Màmá. Èmi náà rí bí Bàbá ṣe dùbúlẹ̀. Mi ò bínú sí yín rí nítorí ìyẹn."

"Kí ló dé tí o kò wá nígbà náà? Nígbà tí wọ́n lé àwọn onílẹ̀, tí wọ́n ní kí obìnrin máa rìn fàlàlà, kí ló dé?"

Yinfeng ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí koríko ẹní ti gé kiri.

"Mo wá," ni ó wí.

"Ìgbà wo?"

"Lọ́dún 1951. Mo bẹ ọlọ́kọ̀, ó gbé mi kọjá odò, mo rìn ọjọ́ kan àbọ̀. Nígbà tí mo dé, mi ò bá ẹnikẹ́ni nílé. Gbogbo èèyàn wà ní ìpàdé. Mo lọ dúró lẹ́yìn pátápátá, ẹ̀yin sì wà lórí pèpéle."

Àgbàdo bọ́ lọ́wọ́ Suyun.

"Ẹ ti sọ ọ́ dé ibi tí mo ti kú."

"O kò pè mí! Yinfeng, kí ló dé tí o kò pè mí?"

"Báwo ni màá ṣe pè yín? Wọ́n ti ń pariwo, wọ́n ń nawọ́ sókè. Mo rò pé bí ẹ bá rí mi, wọ́n á lù yín. Mo bá padà sílé ọkọ." Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó ń gbọn èérí àgbàdo kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Èmi náà bá wọn sunkún lọ́jọ́ náà, Màmá. Àánú ọmọ yẹn ṣe mí gan-an."